Ogún Ẹtù Kòkúmọ́

Ní abúlé Ìdí-Akóko, láàárín Ayétòrò sí bodè, ẹ bi ọmọdé, ẹ bi àgbà, wọ́n á júwe ilé Kòkúmọ́ ẹlẹ́tù fún yín. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti sin kí ó tó bí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Kò sì kú mọ́ lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, eyín rẹ̀ pé lẹ́nu, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ro.

Kò kàwé púpọ̀. Píráámárì fọ́ọ̀ ló dé tí bàbá rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó mọ orúkọ rẹ̀ kọ, ó mọ orúkọ ọjọ́ kọ, ó mọ ìwọ̀nba tí ẹni tó ń ta ẹyẹ máa ń kọ ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ìyẹn tó o. Kò tíì rí ẹyẹ tó bi í ní sátífíkéètì.

Ẹyẹ ni ẹtù, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní awó, tí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú tó kún fún àmì funfun wínníwínní, tó máa ń pariwo bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Láti ìgbà tí Kòkúmọ́ ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Kétu, lódìkejì bodè, nílẹ̀ àwọn ará Kútọnu tó ń sọ Faransé. Á kó ẹtù sínú àgò, á so àgò mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á gba ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà padà wálé. Nígbà yẹn, bodè kì í ṣe nǹkan kan. Ìlà tí òyìnbó fà gba orí oko onílẹ̀ kọjá ni. Ẹ̀gbọ́n ń gbé níhìn-ín, àbúrò ń gbé lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń mu omi àmù kan náà.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bodè pa. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì ni, wọ́n ní nítorí epo bẹntiróòlù, wọ́n ní nítorí ìbọn. Àwọn tó ń kó ìbọn kò gba ojú bodè rí, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tì í. Àwọn tó mọ̀ ni aláta, ẹlẹ́tù, àti ẹni tí ìyá rẹ̀ kú sí Kétu tí kò rọ́nà lọ sin ín.

Kòkúmọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó ẹyin ẹtù tó wà nílé, ó kó o fún adìẹ. Ẹ jẹ́ kó yé yín, ẹtù kì í ṣe ìyá gidi. Á yé sínú igbó, á gbàgbé ibi tó yé e sí, á sì máa pariwo kiri bí ẹni tó bímọ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á kó ẹyin rẹ̀ sábẹ́ adìẹ ìbílẹ̀. Adìẹ kò ní mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìẹ fi ń sàba lé ẹyin tirẹ̀, ti ẹtù sì ń gbà tó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́fà tó lé yẹn ni iṣẹ́ wà. Adìẹ á fẹ́ dìde, á rò pé ẹyin òun ti bàjẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa gbé omi àti àgbàdo sí i lẹ́nu níbi tó jókòó sí, kí ìjókòó má baà sú u. Iṣẹ́ Mùínátù, ìyàwó Kòkúmọ́, nìyẹn. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. "Ìyá rere, ó ku ọ̀la, ó ku ọ̀túnla." Irọ́ ni, ṣùgbọ́n adìẹ ń gbà á gbọ́.

Láàárín oṣù márùn-ún, ilé páànù tí wọ́n kọ́ sẹ́yìnkùlé kún. Ẹtù lé ní ọgọ́rùn-ún. Adìẹ mẹ́sàn-án sì ń sàba nínú agbọ̀n ní igun kan.

Ẹni tó ń ra ẹtù lọ́wọ́ Kòkúmọ́ jù lọ ni Peace, ọmọbìnrin kan tó ń ta oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Ìbéṣè. Àwọn awakọ̀ yẹn kì í fi ẹran ẹtù ṣeré. Bí ẹtù bá ti pọ̀ tó láti tà, Kòkúmọ́ á tẹ tẹ́ẹ̀sì sí i. Kì í pè é lórí fóònù, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kútọnu ló máa ń gbé fóònù ní Ìdí-Akóko, á sì jẹ káàdì tán kí èèyàn tó ṣe ẹ kú àárọ̀. Tẹ́ẹ̀sì nìkan ló máa ń yọ́ kọjá, bí èèyàn bá gun orí òkìtì ọ̀gán.

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ẹgbẹ́ kan láti òkè òkun dé sí Ayétòrò. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn gùn débi pé ìlà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí lára aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti dí ọ̀nà ìbọn, ọ̀nà owó àti ọ̀nà ọmọ ogun mọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí, láti inú aṣálẹ̀ títí dé etí òkun. Wọ́n ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá. Baálẹ̀ Ìdí-Akóko ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó rán Kòkúmọ́.

Wọ́n fún un ní fìlà, wọ́n fún un ní bírò, wọ́n fún un ní ìwé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dán. Wọ́n ní ìfikùnlukùn. Wọ́n ní ìrónilágbára àwùjọ. Wọ́n ní ìlànà alápá mẹ́ta. Kòkúmọ́ ń dúró de ibi tí ọ̀rọ̀ máa ti bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn obìnrin tó ń dá àjọ ṣọ́ra, pé owó àjọ lè bọ́ sọ́wọ́ agbésùnmọ̀mí. Ìyá kan tó ń gba àjọ láti ìgbà ayé ìyá rẹ̀ pòṣé, ó sì sùn lọ. Wọ́n wá kan ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́.

"Ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́," ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń túmọ̀ wí, "òun ni àwọn agbésùnmọ̀mí máa ń gbà sínú ogun wọn."

Kòkúmọ́ nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ náà?"

"Báwo, Bàbá?"

"Àwọn tiwa ń ru ẹrù ní bodè. Wọ́n ti bodè. Ta la máa bi?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá òyìnbó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó padà wá. "Bàbá, ìyẹn kọjá ààlà wa."

"Ààlà wo? Ṣé èyí tí wọ́n tì náà ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀.

Ní ọ̀sán, wọ́n bu ìrẹsì fún wọn. Ìrẹsì tó gùn, tó funfun báláú, tí kò lókùúta kan. Kòkúmọ́ wo ọkùnrin ará Ajílété tó jókòó tì í. "Ọ̀nà ibo lèyí gbà wọlé?"

"Jẹun jàre. Ọ̀nà ọ̀fun ló gbà."

Kí wọ́n tó túká, ọmọbìnrin kan gba fóònù gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ nọ́ńbà kan sí i. Ó ní ohunkóhun tó bá fu wọ́n lára, kí wọ́n tẹ tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Ètò wọn ní orúkọ ìnagijẹ kan, Peace, wọ́n ní ó túmọ̀ sí àlàáfíà. Orúkọ yẹn náà ló fi pa nọ́ńbà mọ́ sínú fóònù Kòkúmọ́. Kò bi í bóyá Peace kan ti wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Kòkúmọ́ ka ẹtù tó ti tó tà, ó jẹ́ ogún. Ó gun òkìtì ọ̀gán rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí:

"Peace ogun etu ti wa nile won ti gbo ti o ba fe maa pa won ki won to de Ibese"

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, láìsí àmì lórí, láìsí àmì nísàlẹ̀. Ohun tó ń sọ kò lọ́jú pọ̀: ogún ẹtù ti wà nílẹ̀, wọ́n ti gbó, tí o bá fẹ́, màá pa wọ́n kí wọ́n tó dé Ìbéṣè. Peace máa ń fẹ́ kó pa wọ́n nígbà mìíràn, kó lè rọrùn fún un láti tú ìyẹ́ wọn. Peace méjì yọ lójú fóònù. Kòkúmọ́ tẹ èyí tó wà lókè.

Ọ̀dọ̀ Ìbídàpọ̀ ni tẹ́ẹ̀sì náà balẹ̀ sí. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń túmọ̀ lọ́jọ́sí. Ọmọ Ìlaròó ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ, ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà. Nínú ilé wọn, ọmọ tó bá sọ Yorùbá á kúnlẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè. Ìbídàpọ̀ kò kúnlẹ̀ púpọ̀, ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Nígbà tó dàgbà tán, àwọn ẹgbẹ́ yìí gbà á síṣẹ́ nítorí pé ọmọ Yorùbá ni.

Ó ka tẹ́ẹ̀sì Kòkúmọ́. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ogun ẹ̀tù ti wà nílẹ̀. Ogun, bí ti ojú ogun. Ẹ̀tù, bí ti inú ìbọn. Wọ́n ti gbọ́. Ẹnì kan máa pa àwọn kan kí wọ́n tó dé Ìbéṣè. Òógùn bò ó. Ó sọ ìlà kan ṣoṣo yẹn di Gẹ̀ẹ́sì ojú ìwé méjì, ó sì fi ránṣẹ́ sókè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, jíìpù mẹ́ta já wọ Ìdí-Akóko. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ gbé ìbọn dání, kò sì sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára aṣọ wọn. Àwọn ẹtù rí àjèjì, wọ́n fariwo ta. Kòkúmọ́ gbé korobá omi àwọn adìẹ dání, ó dúró.

"Ìwọ ni Kòkúmọ́?" ni Ìbídàpọ̀ wí.

Kòkúmọ́ bojú wẹ̀yìn, bóyá ọmọdé kan ló dúró síbẹ̀. Kò sí ọmọdé. "Ta lò ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ náà ni. Ṣé o ní ẹ̀tù nílé?"

"Ẹ̀tù ìbọn kẹ̀? Ṣé mo jọ ọdẹ ni? Ẹtù ni mo ní."

Ìbídàpọ̀ yíjú sí àwọn ẹ̀ṣọ́. "Ó ti jẹ́wọ́."

Wọ́n fi okùn ọlọ́rá aláwọ̀ ìyeyè yí ilé páànù náà ká. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn yọjú lójú fèrèsé onírin wáyà, ó ní ẹyẹ lòun rí. Ìbídàpọ̀ ní ẹyẹ ni wọ́n fi bò ó, pé abẹ́ ẹyẹ ni nǹkan náà máa wà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọbẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọ̀mọ̀ràn ẹ̀tù máa dé láti Abuja.

Mùínátù sáré dé. "Ọjọ́ Ẹtì? Ọmọ mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bu omi fún wọn. Adìẹ mẹ́sàn-án ń sàba níbẹ̀. Wọ́n ti lo ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Bí wọn ò bá rómi, wọ́n á dìde, ẹyin á tutù."

"Màmá, ètò ààbò ni."

"Ààbò ta ni?"

Wọ́n ti Kòkúmọ́ wọ jíìpù. Ohun tó ń sọ títí wọ́n fi rìn jìnnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. "Mùínátù! Omi! Mùínátù, omi!" Ẹ̀ṣọ́ tó jókòó tì í kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́.

Ilé àlejò kan ní Ayétòrò ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ náà wọ̀ sí. Yàrá tí wọ́n fi í sí tutù, bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ rọ̀ ju tilé rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé tíì fún un. Kò mu ún. Ó ń rò ó pé ní ọ̀sán gangan, páànù ilé ẹtù máa ń gbóná débi pé èèyàn kò lè gbọ́wọ́ lé e, àti pé èèkàn ni wọ́n máa ń fi gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí kí atẹ́gùn lè wọlé. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ti wà ní títì báyìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú ni wọ́n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìbídàpọ̀ jókòó. Ọ̀gá wọn pàápàá jókòó, Màdáámù Selíìn, obìnrin òyìnbó kan tí oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di pupa. Ìbídàpọ̀ gbé tẹ́ẹ̀sì síwájú rẹ̀.

"Ta ni àwọn tó ti gbọ́?"

"Ta ló gbọ́? Wọ́n ti gbó ni. Gbó. Wọ́n ti dàgbà."

"Kí ni wọ́n gbọ́?"

"Ọlọ́run ò! Ìwọ lo ò gbọ́."

"Ogun wo ló ń bọ̀?"

"Ogún! Ogún ni! Mẹ́wàá lọ́nà méjì! Ṣé wọn ò kọ́ yín ní òǹkà nílé ìwé ni?"

"Bàbá, má pariwo mọ́ mi."

"Má? O ní má? Mo bí àgbà tó jù ọ́ lọ. 'Ẹ má' ni wọ́n ń sọ." Èyí dun Kòkúmọ́ ju mímú tí wọ́n mú un lọ. Ó dìde dúró, wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó. Ó wo Màdáámù. Ó rántí pé Faransé ni obìnrin náà fi ń bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó ká apá rẹ̀ méjèèjì bí ìyẹ́, ó na ọrùn, ó ké bí ẹtù ti ń ké, ó sì pe ẹtù ní orúkọ Faransé tí àwọn ará Kétu máa ń pè é bí wọ́n bá ń ṣe fáàrí lọ́jà: "Màdáámù, pẹ̀ńtáàdì! Pẹ̀ńtáàdì ogún!"

Ojú Màdáámù là. "Pẹ̀ńtáàdì?" Ó wo tẹ́ẹ̀sì. Ó wo Ìbídàpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Òyìnbó tó ti òkè òkun wá gbọ́ ohun tí Kòkúmọ́ wí. Ọmọ Ìlaròó kò gbọ́.

"Ó parí nìyẹn," ni Kòkúmọ́ wí, ó sì dìde. "Ẹ gbé mi lọ ilé kí n lọ ṣílẹ̀kùn."

Àwọn méjèèjì bára wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìbídàpọ̀ kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Màdáámù ní ẹ má bínú. Wọ́n gbà pé ẹyẹ ni." Ó ti mọ̀ ọ́n sọ, 'ẹ' ti dé ẹnu rẹ̀. "Àmọ́ ìwé ti lọ."

"Ìwé wo?"

"Ìwé tí a kọ. Ó ti dé Abuja. Ó ti gba ibẹ̀ lọ sókè òkun. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀tù wà níbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ pé kò sí."

"Ẹni tó lè kọ ìyẹn ni ọ̀mọ̀ràn ẹ̀tù. Òun ló gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé ẹyẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì mọ̀ pé wọn ò mu omi láti àná?"

Ìbídàpọ̀ túmọ̀ ìyẹn. Màdáámù mi orí, ó fọwọ́ gbá àyà, ó sọ ọ̀rọ̀ rírọ̀ kan. Ìbídàpọ̀ ní, "Ó ní ó dun òun dé ọkàn."

"Kó bu ìdùn náà fún wọn mu."

Wọ́n dá a padà sí yàrá. Fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí títì. Ó jókòó síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Ọkọ̀ akẹ́rù ń ti ìhà bodè bọ̀, wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró lójú ọ̀nà nawọ́ sí wọn bí ẹni tó ń kí àna, wọ́n sì ń kọjá. Kò mọ ohun tó wà lábẹ́ tapólì. Ẹnikẹ́ni kò yọjú wò ó. Kò sí èyí tí wọ́n fi okùn ìyeyè yí ká.

Ní ọjọ́bọ̀ ni Peace dé. Kò rí ẹtù, kò sì rí tẹ́ẹ̀sì, àwọn awakọ̀ sì ti ń bú u. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí-Akóko, ó bá Mùínátù níbẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ wá Ayétòrò. Láti inú yàrá ni Kòkúmọ́ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ti ẹ̀ṣọ́ ní ẹnu ọ̀nà.

"Kí lorúkọ yín?"

"Peace."

"Rárá, a ò bi yín ní orúkọ ètò wa."

"Èmi ni Peace! Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ ni? Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí mi ni wọ́n ti sọ mí ní Peace. Ẹ̀yin lẹ wá jí i lò. Ibo ni Bàbá ẹlẹ́tù wà?"

Wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ewu. Wọ́n ní èmi ni mo fẹ́ ra ogun."

"Àwọn adìẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ẹ̀ṣọ́ kan jókòó sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú ìbọn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá kọjá okùn, òun máa mú un. Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n sunkún sí i, ó kọ̀. Lánàá wọ́n lọ gé ọparun gígùn, wọ́n là á sí méjì bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Wọ́n dúró sẹ́yìn okùn, wọ́n ki ẹnu ọparun bọ ojú fèrèsé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i. Ẹ̀ṣọ́ ní, 'Màmá, mo ní ẹ má kọjá okùn.' Wọ́n ní, 'Ṣé èmi ni mo kọjá? Ọparun ló kọjá. Mú ọparun.'"

Kòkúmọ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Omi náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adìẹ?"

Peace wolẹ̀. "Àwọn ẹtù ló rí i mu, Bàbá. Èyí tó lágbára nínú wọn. Igun tí àwọn adìẹ wà jìnnà sí fèrèsé. Ìyá ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìta ni. Ohùn Ìyá ti há."

Kòkúmọ́ fi ìka ka ọjọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn.

Ọ̀mọ̀ràn ẹ̀tù dé ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí oòrùn ti ga. Wọ́n gbé Kòkúmọ́ sínú jíìpù tẹ̀ lé e. Gbogbo abúlé jáde. Ọ̀mọ̀ràn náà wọ aṣọ tó ki bí tìmùtìmù, ó dé akoto onídígí lórí, ó ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará abúlé kò dọ̀bálẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún? Àwọn ẹ̀ṣọ́ nìkan ló dọ̀bálẹ̀, Ìbídàpọ̀ náà sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀.

Ọ̀mọ̀ràn náà já bébà, ó fi ọ̀pá gígùn ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ẹtù tó ṣẹ́kù tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gba ojú akoto rẹ̀, wọ́n gba èjìká rẹ̀, ọkùnrin náà ṣubú sẹ́yìn gbì, kò sì lè dá dìde nítorí aṣọ tó wọ̀. Àwọn ọmọdé ń ké hẹ́ẹ̀. Àwọn ẹtù fò lé orí kaṣú, wọ́n fò kúrò lórí kaṣú, wọ́n dorí kọ ìhà Kétu. Wọ́n ré kọjá bodè. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní páàsì.

Nínú ilé páànù, wọn ò rí ẹ̀tù. Ọ̀mọ̀ràn kọ ìyẹn sílẹ̀, ó bọ́ akoto, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Kòkúmọ́ wọlé. Mùínátù ti ṣáájú rẹ̀. Òórùn ibẹ̀ gba ọ̀nà imú wọn. Ẹtù tó kú wà káàkiri ilẹ̀, ó lé ní ogójì, àwọn ọmọ kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó rìn kọjá lára wọn lọ sí igun. Adìẹ méjì ti kú sórí ẹyin. Mẹ́rin ti dìde kúrò lórí tiwọn. Ó fọwọ́ kan àwọn ẹyin náà, wọ́n tutù bí òkúta odò. Mẹ́ta ṣì jókòó. Ogbe wọn ti funfun, ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Mùínátù gbé igbá omi sí ọ̀kan lẹ́nu. Adìẹ náà mu omi, kò dìde. Ó ń mu, ó ń sinmi, ó tún ń mu.

Kòkúmọ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gbóná. Ó mú ẹyin kan, ó gbé e sétí. Nǹkan kan ń ta tọ́tọ́ nínú rẹ̀.

"Mùínátù. Gbọ́."

Mùínátù gbọ́. Ó bo ẹnu.

Ìbídàpọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku kí ẹ fọwọ́ sí i."

"Kí ló wí?"

"Ó wí pé... pé ẹ wà nínú àwọn tó wà nínú ewu kí agbésùnmọ̀mí gbà wọ́n sínú ogun wọn. Pé ẹ ti gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wa. Pé ẹ ti padà sí àwùjọ."

"Èmi?"

"Bó ṣe yẹ ká kọ ọ́ nìyẹn. Ìwé tó ti lọ kò lè wà lásán, ó gbọ́dọ̀ ní ìparí."

"Ibo ni mo lọ tí mo fi padà? Ọ̀dọ̀ yín ni mo lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti gbé mi dé."

"Bàbá, tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní lè san nǹkan kan fún yín lórí àwọn ẹyẹ yìí."

Mùínátù wo ọkọ rẹ̀. Kòkúmọ́ ṣì gbé ẹyin sétí. Èèpo ẹyin náà là díẹ̀, bí orí abẹ́rẹ́.

"Ìmọ̀ràn wo lẹ gbà mí?" ni Kòkúmọ́ wí. Kò wo ẹ̀yìn. "Sọ ọ̀kan. Má fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ìbídàpọ̀ ya ẹnu. Ó wo ìwé. Ó wo àwọn ẹtù tó kú nílẹ̀.

"Kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. O dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ wa. Mùínátù, wá koríko gbígbẹ. Gbé àgbàdo wá fún àwọn méjì tó kù."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tí jíìpù dún, tí ó sì lọ. Kòkúmọ́ dá ẹyin padà sábẹ́ adìẹ, ó fi ìka ti ìyẹ́ rẹ̀ bò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹyẹ, kí adìẹ náà má baà dìde. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹyin mẹ́rìndínlógún pa.